Àpò Òwú Mair Bevan

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Àǹtí Eluned Prosser ti ṣọ́ọ̀bù òwú rẹ̀ ní abúlé Pentrewen pa, àpò kan ṣoṣo ló sì kù lórí pẹpẹ ẹ̀yìn.

Bí a ti ń ṣe é ní àfonífojì wa nìyí: ẹni tó bá fẹ́ hun aṣọ á yan òwú tí wọ́n jọ rẹ nínú ìkòkò aró kan náà, Àǹtí á kọ orúkọ rẹ̀ sára àpò, á bá a tọ́jú ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni á máa rà á: ìdì méjì lónìí, ìdì kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí èèyàn bá fi òwú ìkòkò mìíràn parí rẹ̀, ilà á hàn lára aṣọ bí àpá.

Mair Bevan ló ni àpò tó kù. Ṣọ́ọ̀lù, aṣọ tí wọ́n á fi wé ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ló ń hun. A ò rí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ó ti kú," ni Àǹtí wí.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Tó bá kú, ṣé a ò ní gbọ́ ni?" ni mo wí.

"Ta ni yóò sọ fún wa? Ṣọ́ọ̀bù alápatà la ti máa ń gbọ́. Alápatà dà? Oníbàtà dà? Àbí ẹ̀rọ tó ń ta kọfí yẹn ni yóò wá túfọ̀ fún mi?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo òde, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ti tì pa. Ogún ọdún ni mo ti ń gbàdúrà fún òpópónà yìí. Nígbà mìíràn, mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ẹ̀rù ń ba Àǹtí láti dá lọ, nítorí náà ó gbé àpò náà, a jọ gun òkè lọ sílé Mair. Wọ́n ti fa aṣọ fèrèsé bò. A kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Àǹtí di apá mi mú títí ó fi dùn mí. Olúwa, jẹ́ kó wà láàyè.

Ilẹ̀kùn ṣí. Mair ni, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Kò wo ojú wa.

"Ìwọ ọmọ yìí!" ni Àǹtí pariwo. "Mo ti sin ẹ́ tán lọ́kàn mi!"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ wọlé."

Ṣọ́ọ̀lù náà wà lórí àga, ó ti hun ún tán. Àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ilà kan là á láàárín.

"Orí fóònù ni mo ti ra ìyókù," ni Mair wí. "Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Nígbà tí mo rí ilà yẹn, ojú tì mí. Tí mo bá ti rí yín lókèèrè, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà."

Àǹtí gbé àpò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀lù. "Tú u dé ibi ilà yẹn. Òwú rẹ nìyí." Kò jókòó.

Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀, ó dúró. "Mo rò pé ikú ló ń kó àwọn oníbàárà mi lọ," ó wí. "Àṣé wọ́n wà láàyè."

Ọlọ́run gbọ́ àdúrà mi. Mo fẹ́ ṣe àmín, ẹ̀rù ò jẹ́. Mo yára bọ́ ìbọ̀wọ́ òwú tí mo rà lórí fóònù, mo tì í bàpò, kí Àǹtí má baà bi mí níbi tí mo ti rí i.