Táyà Méjì Níwájú

Mo ti dúpẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé n kò mọ oore. Màmá mi wà láàyè, mo sì ti kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn mi láti sọ ọ́ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n kò sì ní fi ọpẹ́ bo ìbínú náà mọ́lẹ̀ bí ẹni tó tẹ́ ẹní lé orí ihò.

Ọdún kẹta rèé tí Màmá ti wà lọ́dọ̀ wa ní Mitchellville, ní Amẹ́ríkà níbí. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ dé ilé ìtọ́jú kan ní Forestville kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá pa ọjọ́ rẹ̀ jẹ. Omi tí kò lè tọ̀ jáde yóò máa gòkè, láti ẹsẹ̀ dé ikùn, láti ikùn dé ẹ̀dọ̀fóró, títí èémí yóò fi wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣètò iṣẹ́ mi ní ọsibítù kí n lè wà nílé lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní àdúgbò wa, ilé tóbi, àgbàlá fẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ èrò kankan tó ń kọjá. Ẹni tí kò bá ní mọ́tò, àtìmọ́lé ni ilé ńlá rẹ̀.

Jíìpù la ní. Bí àwa ọmọ Nàìjíríà ṣe ń pe gbogbo ọkọ̀ tó bá ti ga nìyẹn, ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, mọ́tò kékeré tí wọ́n gbé sókè díẹ̀ ni tiwa. Ohun tí ọkọ mi fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì ń fún lágbára. "Fọ́ọ̀-wíìlì ni o," ni ó máa ń sọ fún àlejò, bí ẹni tó ń júwe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè.

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, mo rí i pé ojú àwọn táyà náà ti ń dán. A gbé ọkọ̀ lọ sí ilé ìtajà táyà kan. Ọkùnrin tó dá wa lóhùn tẹ irin kékeré kan bọ inú ojú táyà, ó wò ó, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní kí a ra táyà sínóò mẹ́rin, èyí tí wọ́n ṣe fún ìgbà tí òjò dídì bá bo ilẹ̀. Ó ní fọ́ọ̀-wíìlì ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti gbéra ni, kò mọ nǹkan kan nípa dídúró. Rọ́bà tó kan ilẹ̀ ló ń dá ọkọ̀ dúró, táyà tí wọ́n ń lò láti ọdún dé ọdún sì máa ń le bí igi bí òtútù bá mú, nígbà tí ti sínóò yóò ṣì rọ̀, tí yóò máa já ilẹ̀ jẹ. Ó tún ní bó bá jẹ́ méjì péré la fẹ́ rà, ẹ̀yìn ni òun máa fi í sí, òun ò ní fi í síwájú.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ra méjì, ó ní kó má dè é, ó kó wọn sínú búùtù.

Nígbà tí a wọ inú ọkọ̀ tán, ó ní, "Ẹ̀yìn? Ta ló ń fi táyà tuntun sẹ́yìn? Ó ti gbọ́ ohùn mi, ó mọ̀ pé àlejò ni wá. Ó fẹ́ kí n padà wá ra méjì sí i."

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, táyà iwájú tó bá bẹ́ ló ń pani, torí pé sítíárín yóò já gbà mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Bàbá ọkọ mi wa ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà yẹn títí ó fi darúgbó, ó sì kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé èyí tó bá dára jù, iwájú ni kí wọ́n fi í sí. Ọgbọ́n ni, níbi tó ti jẹ́ ọgbọ́n. Kò sí sínóò lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn.

District Heights la gbà lọ, sílé díákónì kan ní ìjọ wa tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bọ́ táyà nínú gáréèjì rẹ̀. Gbogbo ìjọ ló ń gbé ọkọ̀ lọ bá a. Mo sọ ohun tí ọkùnrin ilé ìtajà sọ fún un. Ó wò mí, ó sì yíjú sí ọkọ mi.

"Ìyàwó wa ti di fọkanáísà."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Díákónì ní kí n má bẹ̀rù, ṣé táyà ló gbé wa dé Amẹ́ríkà ni? Ó de méjì tuntun síwájú, ó fi ògbólógbòó méjì sílẹ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì gbàdúrà gígùn sí ọkọ̀ náà, bí a ti máa ń ṣe. Mo ṣe àmín.

Àmín yẹn ló ń dùn mí jù. Olùkọ́ ìjọ ni bàbá mi, ilé ìwé ìjọ ló sì tọ́ mi dàgbà. Kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi fi ń bẹ ìjọ mẹ́rin wò. Bí ó bá ń lọ, á kọ́kọ́ tẹ táyà wò, á wo bíréèkì, ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò ṣí fìlà tí yóò gbàdúrà. Ó máa ń sọ fún wa pé ẹni tí kò wo táyà kó tó gbàdúrà, Ọlọ́run ló ń dán wò. Mo mọ èyí, mo sì ṣe àmín, torí pé ọkùnrin méjì rẹ́rìn-ín sí mi.

Nínú oṣù kìn-ín-ní, yìnyín bo gbogbo ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Ilé ìtọ́jú kò ṣí. Sínóò tún rọ̀ lé e ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, ọjọ́ márùn-ún gbáko ni ẹnikẹ́ni ò tíì fọ ẹ̀jẹ̀ Màmá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé bí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka mi yóò dúró síbẹ̀ bí ẹni tẹ ìyẹ̀fun tí a pò. Kò lè dùbúlẹ̀ mọ́, orí àga ló sùn. Mo tẹ ilé ìtọ́jú láago, wọ́n ní àwọn ti ṣí, kí ó wá ní agogo mọ́kànlá, kí ó má pẹ́. Ọkọ̀ tó máa ń kó àwọn aláìsàn kò jáde lọ́jọ́ náà. Ìpàdé iṣẹ́ ọkọ mi wà lórí kọ̀ǹpútà, ó ní kí n gbé jíìpù, kò sí ohun tó máa ṣe é.

Ọkọ̀ náà jáde lẹ́nu ọ̀nà wa bí ẹni ń rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì. Iwájú já sínóò jẹ dáadáa. Ọkọ mi dúró ní fèrèsé, ó na àtàǹpàkò sí mi.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà láàárín àdúgbò wa àti títì ńlá. Ọkọ̀ tó ń kó sínóò kúrò lọ́nà ti kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohun tó ṣẹ́ kù sì ti le, ó ń dán. Eré ìwọ̀nba ni mo sá, mo sì rọra tẹ bíréèkì kí n tó dé ibi tí ọ̀nà ti yí. Iwájú gbọ́. Ẹ̀yìn kò gbọ́. Mo rí i tí àwọn igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń gba iwájú gíláàsì kọjá láti òsì sí ọ̀tún, ìdí ọkọ̀ fẹ́ ṣáájú orí rẹ̀. A yí po, a kọjú sí ibi tí a ti ń bọ̀, a sì ń fi ẹ̀yìn yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Sítíárín wà lọ́wọ́ mi, kò wúlò. Màmá pe orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ lu etí ọ̀nà, ìdí ọkọ̀ sì wọ inú kòtò sínóò.

Mo yí padà, mo wo ọrùn rẹ̀, mo wo apá rẹ̀, mo ka èémí rẹ̀. Kò fara pa. Èémí ló kúrú.

"Ṣé ó ti dúró báyìí?"

"Ó ti dúró, Màmá."

"Ẹni tó ní kó jó fún mi, sọ fún un pé mo ti rí i tó."

Mo gbìyànjú láti jáde nínú kòtò. Àwọn táyà iwájú ń fa ọkọ̀, àwọn ti ẹ̀yìn ń yí lásán lórí yìnyín, fọ́ọ̀-wíìlì ń pariwo. Agogo mọ́kànlá ti fẹ́ lù. Nígbà náà ni aládùúgbò wa kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ìyá àgbà ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu wíwa ọkọ̀ ọmọ ilé ìwé. Mọ́tò rẹ̀ kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fà. Táyà sínóò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà, ó tẹ bíréèkì, ó sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ wa gan-an. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wo táyà iwájú wa, ó rìn lọ wo ti ẹ̀yìn, ó bi mí léèrè ẹni tó dè é bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀. A gbé Màmá sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì gbé wa dé Forestville láìyọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Agogo méjìlá ti lù nígbà tí a dé. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí àga Màmá. Ètè Màmá ti ń dú. Wọ́n fi ẹ̀rọ sí i nímú kó lè rí afẹ́fẹ́ fà, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ pípe ọkọ̀ ọsibítù kí àga kan tó ṣófo. Nọ́ọ̀sì tó so ó mọ́ ẹ̀rọ wò mí, ó bi mí pé kí ló dé tí a fi jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí. Mo mọ ojú yẹn. Èmi náà ti fi wo ọ̀pọ̀ ẹbí aláìsàn rí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọkọ mi lọ jẹ́rìí. Ó dúró níwájú ìjọ, ó ní èṣù gbìmọ̀, Ọlọ́run sì tú ìmọ̀ rẹ̀ ká. Ó ní ọkọ̀ yí po, egungun kankan kò ṣẹ́. Ìjọ ń yin Olúwa. Díákónì gba máíìkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi kún un: ẹ wò ó, bí kì í bá ṣe ti táyà tuntun tí òun dè síwájú, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Nínú ìjọ wa, bí ọkọ bá jẹ́rìí tán, ijó ni ìyàwó ń bá a jó dé iwájú. Mo rìn dé ibẹ̀, n kò jó. Mo na ọwọ́, Díákónì sì fún mi ní máíìkì, torí ó rò pé orin ni mo fẹ́ dá.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ni mo wí. "Èṣù kọ́ ló de táyà yẹn. Ẹnì kan sọ fún wa pé mẹ́rin ni, tàbí kó wà lẹ́yìn. Mo gbọ́ ọ, ọkọ mi gbọ́ ọ, Díákónì gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ìyá mi ò rí èémí mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Ọlọ́run bo ẹ̀bi wa mọ́lẹ̀."

Mo fún Díákónì ní máíìkì rẹ̀ padà, mo sì lọ jókòó.

Nílé, ọkọ mi ní mo dójú ti òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fẹ́ dójú tì í ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé Ọlọ́run ni kò jẹ́. Ohùn wa ti ń ga nígbà tí Màmá jáde láti yàrá, ó di ògiri mú.

"Ọkọ mi," ó wí fún un, "ọpẹ́ yín dára, Ọlọ́run á gbà á. Ṣùgbọ́n wọ́n ní sínóò tún ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kí ni kí n wọ̀ dé Forestville? Èmi ò wọ ọkọ̀ tó ń fi ìdí jó mọ́."

Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ mi gbé ọkọ̀ tí wọ́n ti fà jáde nínú kòtò padà sọ́dọ̀ ọkùnrin ilé ìtajà tó fi rẹ́rìn-ín, ó ra méjì tó kù, irú kan náà, ọkùnrin náà sì dè wọ́n fún un. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ó kàn fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì.

Sínóò rọ̀ lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ mi ní òun máa bá wa lọ. Mo ní kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, èmi ni màá wà á. Nígbà tí a dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ó di irin òkè ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo rí i. N kò sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀. Mo tẹ bíréèkì ní ibi tí mo ti tẹ̀ ẹ́ níjọ́sí, orí àti ìdí ọkọ̀ gbọ́ papọ̀, a sì dúró ṣinṣin. Mo wò ó. Kò wò mí.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni Màmá wí lẹ́yìn wa. "Wọ́n á tún fi ẹlòmíràn sí àga mi."