Ṣẹ́ẹ̀tì Mẹ́jọ fún Ọkọ Tí Kò Sí Nílé

Bàbá Akọ̀wé nìkan ló bi ìyàwó ní ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi í, òun náà ni wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé jáde nílé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé ní kóòtù, ìgbéyàwó tó tú ká lójú rẹ̀ kò lóǹkà. Ó fa ọmọ àbúrò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Tí ọkùnrin yìí bá kú, tàbí tó bá bá tiẹ̀ lọ, ìwé ta ni wàá fi máa gbé ìlú wọn? Bi í kí o tó wọkọ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

Màámi, ìyá ìyàwó, gbọ́, ló bá fi igbe ta. Ó ní ta ló ń bèèrè ọ̀nà àbájáde lọ́jọ́ tí wọ́n ń múni wọlé, kí ẹ̀gbọ́n òun jọ̀ọ́ gbé ẹnu kóòtù rẹ̀ kúrò lórí ọmọ òun. Gbogbo ilé gbè é lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe, ká má purọ́ fúnra wa. A ó wádìí ìran ọkọ dé ìdí, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá wọ́n ń ya wèrè, ṣùgbọ́n ká bèèrè pé tó bá já ńkọ́, ó ti dèèwọ̀ nìyẹn. Ojú ti ìyàwó. Kò bèèrè.

Àǹtí Téèpù ni wọ́n ń pe ìyàwó náà, nítorí téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ti gbé e lọ sọ́jà, ó ti gbé e lọ síbi òkú. Ọkọ rẹ̀ wá láti ìlú tó jìn, ó ń wa tírélà fún àwọn tó wá ṣe afárá. Ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ló ya tó fi yà sí ṣọ́ọ̀bù tí Àǹtí Téèpù ti ń ránṣọ, ó fi ìwé ìròyìn bo ẹ̀yìn, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. Àǹtí Téèpù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wọn ọkùnrin náà: ọrùn, ínṣì mẹ́rìndínlógún ààbọ̀, àyà, méjìlélógójì, apá, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kì í kọ ìwọ̀n sílẹ̀, orí ló ń kó o sí, tó bá sì ti wọ ibẹ̀, kò jáde mọ́. Téèpù ló kọ́kọ́ gbá ọkùnrin náà mọ́ra, ọwọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Wọ́n dé ìlú ọkọ. Yàrá méjì, àjà kẹta, fèrèsé tó kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíì. Àwọn ará ilé á mi orí fún un lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ó ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ nọ́ọ̀sì, ogójì obìnrin lórí ìlà, kálukú àti apá aṣọ tirẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fún un. Obìnrin tó ń gé aṣọ kóòtù láìlo ìwé ìgéṣọ wá jókòó, ó ń rán ọwọ́ òsì láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, kò sì mọ ẹni tó ń rán ọ̀tún, nítorí ìyẹn wà ní yàrá kejì.

Ìwé ìgbélùú rẹ̀ wá dà bíi bọ́tìnì lára ṣẹ́ẹ̀tì: ibi tí ọkọ bá wà ni ìwé wà. Ọdọọdún ni ọkọ ń buwọ́ lù ú. Tó bá pé ọdún márùn-ún, òṣìṣẹ́ ìjọba á wá wo ilé bóyá wọ́n ṣì jọ ń gbé, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fún un ní ìwé tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní lè gbà mọ́.

Ó ku oṣù díẹ̀ kó pé ọdún márùn-ún ni ọkọ lọ.

Òwúrọ̀ Túsìdeè kan ni. Ó dé láti ìrìn àjò, ó fa báàgì méjì yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ki aṣọ bọ̀ ọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ibi tó dunni gan-an nìyẹn. Ká ní ó nà án ni, tàbí ó bú u, à bá rí ohun tí a ó fi ṣépè. Ó kàn sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ilé yìí ti dákẹ́ jù fún òun, pé obìnrin kan wà nílùú tí òun ti ń sinmi lójú ọ̀nà, ibẹ̀ lòun ń lọ. Ó ní, "Mi ò ní bá ìwé ẹ jẹ́. Tí wọ́n bá pè mí, màá ní ilé ni mò ń gbé." Àǹtí Téèpù rí i pé ó ń ṣẹ́ kọ́là àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tí òun rán fún un. Ó gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká gbogbo rẹ̀ fún un ní méjì méjì, ó fa síìpù báàgì. Iṣẹ́ ọwọ́ òun ṣá ni.

Lọ́jọ́ kejì, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó gún pínnì kan mọ́ tìmùtìmù kékeré tó ń kó abẹ́rẹ́ sí. Lọ́jọ́ kẹta, ó gún òmíràn.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí Màámi bá pè, tó bèèrè pé ọkọ ẹ ńkọ́, á ní ó wà lójú títì, irọ́ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ irọ́. Màámi á ní kó kí i, òun náà á ní òun á kí i. Kò sọ fún obìnrin tó jókòó tì í níbi iṣẹ́. Ó ń bá áyọ́ọ̀nù sọ̀rọ̀, ó ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀, nítorí ó ní tí òun ò bá ń la ẹnu, èdè òun á gbẹ sí òun lọ́rùn. Ìdáwà náà pọ̀ débi pé ó máa ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ kí omi lè dún nínú ilé.

Kí ló dé tí kò lọ sí ọ́fíìsì ìjọba lọ bèèrè? Ẹ dákẹ́, kì í ṣe òmùgọ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó rò ó pé bí òun bá bèèrè pé obìnrin tí ọkọ fi sílẹ̀ ńkọ́, wọ́n á mọ̀ pé òun ni. Ìtìjú sì tún wà níbẹ̀, èyí tó bá a láti ilé wá. Ó yí padà.

Ìgbà tó yá, lẹ́tà dé: òṣìṣẹ́ ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Àǹtí Téèpù ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Háńgà òfìfo ló bá níbẹ̀. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó wò ó, ó wò ó, ó bá dìde lọ ra aṣọ ọ̀pá, kó lè rán ṣẹ́ẹ̀tì tí òṣìṣẹ́ á rí, tó fi máa gbà pé ọkọ ṣì wà nílé.

Ẹ ó ní ṣẹ́ẹ̀tì àlòkù ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Bàtà àlòkù ló rà, tó ti jẹ ní gìgísẹ̀. Ó ra búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kejì, ó sì fi òkúta ha á. Ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀tì! Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọkùnrin yìí, ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹlòmíì rán kò kan ara rẹ̀ rí. Kó wá gbé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí kò mọ kọ́là í gbé kọ́ sínú ilé òun, kó ní ti ọkọ òun ni? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó gé mẹ́jọ láti orí, ọrùn mẹ́rìndínlógún ààbọ̀, àyà méjìlélógójì, apá mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó tún rán ṣòkòtò mẹ́ta.

Èyí tó burú ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ló dùn jù fún un láti ọjọ́ tó ti dé ìlú náà. Odindi aṣọ ló ń rán, òsì àtọ̀tún. Maṣíìnì ń dún nínú ilé. Á gbé ṣẹ́ẹ̀tì dúró, á ní, "Yí ẹ̀yìn kí n wò ó," á sì yí i fúnra rẹ̀. Ó fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin kí àwọ̀ wọn lè ṣá. Ó mú òkúta tó fi ha búrọ́ọ̀ṣì, ó fẹ́ fi ha kọ́là kó lè jọ ohun tó ti gbó, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó tún kọ̀. Ó sọ òkúta nù láti ojú fèrèsé.

Òṣìṣẹ́ náà dé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. Ó wo búrọ́ọ̀ṣì méjì, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó wo bàtà, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó di kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ mú, ó yí inú rẹ̀ síta, ó fọwọ́ tọ ojú rírán. Ó ní ìyá òun náà ránṣọ títí ó fi kú, pé ẹni tó rán èyí mọṣẹ́.

Inú Àǹtí Téèpù dùn. Odindi ọdún márùn-ún, kò sẹ́ni tó yin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ní "Èmi ni" kó tó mọ̀ pé ẹnu òun ti ṣí.

Bàbá náà wo ìkejì, ó wo ìkẹta, títí dé ìkẹjọ. Ó wá rọra ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. "Màdáámù, ẹni tó ń wa tírélà kì í ní ọrùn tó mọ́ tó báyìí. Mẹ́jọ ni wọ́n. Kò sí èyí tí ọrùn èèyàn ti kàn rí."

Àǹtí Téèpù fìdí lé àga. Omi ń dà lójú rẹ̀. Bàbá náà fa àga kejì, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì jókòó lé láti Túsìdeè ọjọ́sí. Ó ní òfin àwọn kò kúkú le tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ẹni tí ọkọ bá fi sílẹ̀, tó bá wá sọ láàárín oṣù mẹ́fà, tó sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn á fún un ní ìwé tirẹ̀ láìsí wàhálà. Ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún un ni? Àǹtí Téèpù ní òun ò bèèrè.

Bàbá ṣí bírò. Ó wo fèrèsé, kò wo ojú rẹ̀. "Ìgbà wo ló ti lọ? Ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó dáhùn. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá kọ."

Ọmọdé pàápàá á mọ ìdáhùn. Oṣù márùn-ún. Ọ̀rọ̀ méjì péré, ìwé á sì dé. Àǹtí Téèpù mọ̀ ọ́n, ó ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọkọ ti lọ, kò tíì sí ẹ̀dá kan tó bi í pé ó ti tó ìgbà wo tó ti dá wà. Màámi ò bi í, ògiri ò bi í. Gbogbo òwúrọ̀ ló ń kà á, kò sì rí ẹni kà á fún.

Ó ní, "Oṣù méje ó lé ọjọ́ mọ́kànlá."

Bírò dúró. Bàbá bi í bóyá ó dá a lójú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ó ń bẹ̀ ẹ́. Àǹtí Téèpù dìde, ó gbé tìmùtìmù pínnì wá, kò síbi tí abẹ́rẹ́ á gbà mọ́ lára rẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́ pé kó kà á. Bàbá kò kà á. Ó mú un lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì kọ ohun tó gbọ́.

Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fún un nínú lẹ́tà láti fi palẹ̀ mọ́, kó padà sílé. Ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, Bàbá Akọ̀wé ni Àǹtí Téèpù pè, kì í ṣe Màámi. Ó sọ ọ́ tán. Bàbá Akọ̀wé kò ní "mo sọ bẹ́ẹ̀," kò dá a lẹ́bi. Ó ní kó máa bọ̀, pé yàrá ọwọ́ ẹ̀yìn ṣófo, òun á bá Màámi sọ̀rọ̀.

Àǹtí Téèpù bi í pé, "Bàbá, ṣé ọrùn yín ṣì jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?"

Bàbá Akọ̀wé ní ọjọ́ ogbó ti jẹ nínú rẹ̀, á máa lọ sí mẹ́rìnlá. Ó ní kó má wulẹ̀ ṣèyọnu. Àǹtí Téèpù ní kì í ṣe ìyọnu. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó yọ ṣẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ kúrò lára háńgà, ó jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú kọ́là.