Kọ̀ǹpútà Àwọn Ìbejì Makola

Orúkọ mi ni Felicia Àbẹ̀kẹ́ Adégòkè. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí, ọmọ Josiah Adégòkè tí ó ta páànù ní Accra títí ó fi darúgbó, ọmọ-ọmọ Adégòkè alágbẹ̀dẹ ti Ògbómọ̀ṣọ́. Pàṣán ni àwọn olùkọ́ mi fi kọ́ mi ní ìwé títẹ̀, wọ́n sì kọ́ mi pé obìnrin tí ó bá jókòó ti ẹ̀rọ gbọdọ̀ nà ró ṣánṣán. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé, mo kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí Kaneshie ní Accra. Àwọn awakọ̀ trotro, ọkọ̀ akérò ibẹ̀, rò pé ìyá Alata kan, bí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá, ń ta omi tútù níbẹ̀ ni. N kò bá wọn jiyàn. N ó ta omi fún wọn, lẹ́yìn náà n ó bi wọ́n léèrè ohun tí ó ń ṣe kọ̀ǹpútà wọn.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jùlọ ni ti kọ̀ǹpútà tí ó ní ètò méjì nínú. Ẹ fojú inú wo ilé kan tí a fi ògiri pín sí méjì: Windows ń gbé apá kan, Linux ń gbé apá kejì. Bí a bá tan ẹ̀rọ náà, yóò béèrè ẹni tí òun yóò ṣílẹ̀kùn fún. Linux fúnra rẹ̀ pín sí oríṣiríṣi. Ubuntu wà, Mint wà, ọ̀pọ̀ sì wà lẹ́yìn wọn. Láti lé ọ̀kan jáde kí a sì fi òmíràn sí ipò rẹ̀ kò ṣòro, bí ẹni tí ń lé àyálégbé kò bá ti ṣi ilẹ̀kùn kàn.

Àlàájà Táíwò àti Àlàájà Kẹ́hìndé, ìbejì tí wọ́n jọ ń ta aṣọ ní ọjà Makola, gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá. Wọ́n jọ rà á ni, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní apá tirẹ̀. Kẹ́hìndé ni ó ni Windows, Táíwò ni ó ni Ubuntu. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Táíwò ni ó máa ń kọ́kọ́ wáyé, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, nítorí òun ni ó rán èkejì níṣẹ́ pé kí ó lọ tọ́ ayé wò. Kẹ́hìndé tiwa yìí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé òun ni ẹ̀gbọ́n rí.

"Màmá, wọ́n ti yí ojú Ubuntu mi padà," ni Táíwò wí. "Gbogbo ohun tí mo mọ̀ sí ìsàlẹ̀ ti sá lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ bá mi lé e jáde, kí ẹ fi Mint sí i."

"Ẹ má fọwọ́ kan tèmi o," ni Kẹ́hìndé wí. "Ohùn ìyá wa wà níbẹ̀."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kí ìyá wọn tó kú, Kẹ́hìndé fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kó o sí Windows. Fóònù ti bàjẹ́. Kẹ́hìndé nìkan ni ó mọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń wọ Windows náà. Táíwò kò tí ì gbọ́ ohùn yẹn rí.

"Mo bẹ̀ ẹ́ títí," Táíwò sọ fún mi. "Ó ní ohun àgbà ni."

"Ohun àgbà ni lóòótọ́," ni Kẹ́hìndé wí, ó sì tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

N kì í pa apá kankan rẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ín fi ìka tọ́ka sí i. Sùlè, alábàáṣiṣẹ́ mi, ọkùnrin oníyàwó méjì tí a bí sí Lapaz, ni ó jókòó ti ẹ̀rọ. Apá méjèèjì hàn lójú ẹ̀rọ náà, ọ̀kan níwájú, èkejì lẹ́yìn.

"Èwo ni tiyín, Àlàájà?" mo bi Táíwò.

"Ti iwájú. Ṣebí èmi ni mo kọ́kọ́ wáyé."

Mo yíjú sí Kẹ́hìndé.

"Òótọ́ ni ó sọ. Àgbà ní í kẹ́yìn."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Sùlè náà mọ àṣà. Kò wulẹ̀ ka ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó pa ti iwájú rẹ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ ìbejì. Windows ni a kọ́kọ́ fi sínú ẹ̀rọ náà, òun ni ó sì wà níwájú.

Mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ àṣírí iṣẹ́ wa kan fún yín. Ohun tí a pa rẹ́ ní ìpele yẹn kò tí ì parẹ́. Bí ẹni tí ó fi ẹfun sàmì sí igi tí yóò gé ni; títí a ó fi tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, igi ṣì wà lórí ìdúró. Sùlè mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ya ẹnu láti wí i. Mo fi bàtà tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Àlàájà Kẹ́hìndé," mo wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Windows dà?"

Ó wo ojú ẹ̀rọ títí. Ó jókòó sórí àpótí omi tútù mi.

"Ìyá mi," ni ó wí.

"Ìyá wa," ni Táíwò wí, ó sì bú sẹ́kún, òun tí kò gbọ́ ohùn náà rí.

N kò kánjú. "Bí a bá rí i gbà padà, ta ni yóò gbọ́ ọ?"

"Àwa méjèèjì," ni Kẹ́hìndé wí.

"Níbo?"

"Níhìn-ín, Màmá. Lójú yín."

"Sùlè, o gbọ́ bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀," mo wí, mo sì dá iṣẹ́ náà padà sẹ́yìn. Windows yọjú. Sùlè ń wo òrùlé kí ẹ̀rín má baà pa á. A wá lé Ubuntu jáde ní apá tirẹ̀, a fi Mint sí i, lẹ́yìn èyí Kẹ́hìndé fi ìborùn bo ọwọ́, ó tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ṣí ohùn náà.

Ìyá arúgbó kan wúkọ́. "Táyé dà?" ni ó wí. "Kẹ́hìndé, gbé nǹkan yìí kúrò lẹ́nu mi. Lọ pe Táyé wá. Bí ẹ kò bá pé méjì, n kò ní ọ̀rọ̀ í sọ."

Ó tán síbẹ̀.

"Ṣé ohun àgbà náà nìyí?" Táíwò béèrè.

"Ojú ọ̀nà Kumasi lo wà," ni Kẹ́hìndé wí. "Kí o tó dé, ó ti lọ. Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ pé ó ń pè ọ́."

Táíwò fi ọwọ́ nu ojú. "Tún un ṣí," ni ó wí.

Nígbà tí wọ́n fi ọjà sílẹ̀ tí wọ́n ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo sìn wọ́n dé ìdíkọ̀. Kẹ́hìndé gbé kọ̀ǹpútà náà mọ́ àyà. "Wọlé, Táyé," ni ó wí, "kí o bá mi wò ó bóyá ìjókòó náà dára." Táíwò wọ inú ọkọ̀, ó rí i pé ó dára, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kò sì dìde fún un mọ́. Ìgbà tí mo rí wọn kẹ́yìn nìyẹn: ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹta, ọdún 2014.