Omi Tí A Fi Pa Eruku

Títí di òní, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ta sórí erùpẹ̀ gbígbẹ tí òórùn yẹn bá dìde, ńṣe ni ọ̀nà ọ̀fun mi máa ń gbẹ. Àwọn ẹlòmíì á ní òórùn náà dùn, wọ́n á fà á símú, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín ní tèmi. Ibi tó máa ń gbé mi lọ ni pápá ilé ìwé míṣọ̀n ní abúlé wa, lẹ́yìn Ute, níbi tí ilẹ̀ pupa tẹ́ rẹrẹ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì onípáànù, tí igi máńgòrò kan ṣoṣo dúró létí rẹ̀. Ìwọ tí o dàgbà ní Ọ̀wọ̀ mọ bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń rí lágbègbè wa kí òjò tó dé. Ewé igi kì í mì. Páànù á máa dún pá, pá, bí oòrùn ṣe ń yan án. Adìẹ pàápàá á lọ fara pamọ́ sẹ́yìn àmù omi.

Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ pé bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù kan kò fẹsẹ̀ tẹ abúlé wa rí. Fadá tó ń gbé Ọ̀wọ̀ ni ó máa ń gun alùpùpù wá ṣe Mísà fún wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá sì ti lọ, ọwọ́ katikíìsì la wà. Katikíìsì yìí náà ni olùkọ́ wa. Òun ló ń kọ́ wa ní ìwé, òun ló ń kọ́ wa ní orin àti dírìlì, òun náà ló ń ṣe ògbufọ̀ fún Fadá nítorí òyìnbó ni Fadá. Ará Àkókó ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í rẹ́rìn-ín. Fèrè kan wà lọ́rùn rẹ̀ tí mi ò rí i kó bọ́ ọ rí. Mo rò pé ó ń gbé e sùn ni. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà wá, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè bú u lójú wa kó lọ láìgbọ́ tiwa. Ọjọ́ tó sọ fún wa ní kíláàsì pé bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀, ojú rẹ̀ tàn bí ojú ọmọdé. Ó ní láti ìgbà tí òun ti gba iṣẹ́ katikíìsì ni òun ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí òun gba Ara Olúwa láti ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí òun tó kú. Lẹ́yìn náà ó fọn fèrè, ó ní ká bọ́ sí pápá.

Dírìlì la fẹ́ fi kí àlejò náà: ká máàṣì, ká yí sọ́tùn-ún, ká yí sósì, ká gun ara wa léjìká. Àwa tí bíṣọ́ọ̀bù máa gbé ọwọ́ lé lórí lọ́jọ́ náà gan-an ni a máa ṣe dírìlì, àbúrò mi obìnrin sì wà níwájú pátápátá nítorí òun ló kéré jù. Ọmọ náà le! Bí ó bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ náà ni yóò kọ́kọ́ gba Ara Olúwa, kò sì sọ ọ̀rọ̀ mìíràn fún odidi oṣù kan.

Ìwọ kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, nítorí náà jẹ́ kí n là á yé ọ. Ẹ̀yin lè mu ẹ̀kọ gbígbóná kí ẹ tó lọ sí ìsìn, ẹ ò níṣòro! Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ gba Ara Olúwa, tí ẹ̀yin ń pè ní Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, nínú ìjọ tiwa kò gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan kan láti ọ̀gànjọ́ òru, kò sì gbọ́dọ̀ mu nǹkan kan, àní omi lásán. Katikíìsì ti rọ ọ́ sí wa létí títí: "Ẹ̀kán kan tó bá kọjá ọ̀nà ọ̀fun, ó parí." Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí a ṣe ń fi orín fọ eyín, ńṣe là ń tutọ́ nù lera lera kí a má baà ṣèèṣì gbé e mì. Màmá wa dúró tì wá, ó ń wò wá bí ẹni ń wo wèrè. Kò tíì ṣe ìrìbọmi nígbà yẹn. Bàbá wa tó ti kú ni ọmọ ìjọ. Màmá kàn máa ń bá wa lọ ni, á jókòó sẹ́yìn pátápátá, á ní òun ṣì ń wò ó ná.

"Omi náà ti di ẹ̀ṣẹ̀?" ló bi wá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ fún mi," ni àbúrò mi dá a lóhùn.

Nígbà tí a dé míṣọ̀n, katikíìsì wo ilẹ̀, ó ní aṣọ funfun bíṣọ́ọ̀bù kò gbọ́dọ̀ kan eruku pupa yẹn. Ó ní ká lọ pọnmi wá pa eruku. Háà! Odò wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí ó máa ń mú ọ̀dọ́langba mí hẹlẹ. A gbé garawa, a sọ̀ kalẹ̀, a tún gùn ún padà, omi ń dà sí wa lára, ó ń ṣàn gba imú mi, mo sì pa ètè mi pọ̀ pinpin. Omi tútù, omi odò! Mo ń gbóòórùn rẹ̀. A wọ́n ọn sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé ojú títì, òórùn erùpẹ̀ tútù sì gba gbogbo pápá. Ilẹ̀ mu ún, ó tún gbẹ, a tún padà sódò.

Àárọ̀ ni wọ́n ní bíṣọ́ọ̀bù yóò dé, kí oòrùn tó le. Àárọ̀ kọjá, a ò rí i. Ẹ̀yìn náà la wá gbọ́ pé ọkọ̀ rẹ̀ ló dákú sọ́nà láti Ọ̀wọ̀. Katikíìsì ń lọ sójú títì, ó ń padà, ó ń nu ọrùn. Ó ní kí ara wa má baà kú, ká tún dírìlì ṣe. A tún un ṣe. Oòrùn gun orí wa, òjìji wa sì wọ abẹ́ ẹsẹ̀ wa. Aṣọ kákí la wọ̀, tí wọ́n fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ lọ̀ títí ó fi dúró gbagidi, bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, ìgbànú sì fún wa nínú. Ahọ́n mi ti wú mọ́ mi lẹ́nu. Orí ń fọ́ mi. Gbogbo wa ń làágùn, òógùn ń kán tó tó tó sílẹ̀, mo sì ń ronú pé bí ẹ̀kán òógùn kan bá wọ̀ mí lẹ́nu tí mo gbé e mì, mo ti jẹ̀bi nìyẹn.

Nígbà náà ni katikíìsì pàṣẹ pé ká yí sọ́tùn-ún. Gbogbo wa yí sọ́tùn-ún, àbúrò mi yí sósì. Ọmọ tó mọ dírìlì jù wá lọ! Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan tí kò ní ìdí, tí kò sì tán bọ̀rọ̀. Bí ojú wa ṣe ṣe mẹ́rin, mo rí i pé ojú rẹ̀ gbẹ. Gbogbo wa la tutù bí ẹni tó bọ́ sódò, òun nìkan ló gbẹ fúrúfúrú. Mo na ọwọ́ kàn án lápá, ó gbóná janjan.

"Òtútù ń mú mi," ló wí. Òtútù, lábẹ́ oòrùn yẹn!

Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ lórí ìlà dírìlì katikíìsì wa. Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. "Ọ̀gá! Àbúrò mi ò làágùn mọ́!"

Ó yí padà, fèrè jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọ náà ti dojú bolẹ̀ lórí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi sí. Ẹ̀rù bà mí, ọ̀rẹ́ mi. Mo rò pé ó ti kú nìyẹn. Katikíìsì gbé e bí ẹni gbé ìdì aṣọ, ó sáré gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó já ìgbànú rẹ̀, ó já bọ́tìnnì rẹ̀. Garawa omi tó kù tí a fẹ́ fi pa eruku, orí àti àyà ọmọ náà ló dà á lé. Ó já imọ̀ ọ̀pẹ kan nínú èyí tí a fi ṣe ẹnu ọ̀nà lọ́ṣọ̀ọ́, ó ń fi fẹ́ ẹ, ó ń ké sí wa pé ká tún gbé omi wá. Màmá wa ti dé pẹ̀lú igbá omi mímu. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, àbúrò mi la ojú. Màmá gbé igbá sí i lẹ́nu.

Ó di eyín pọ̀.

"Mi ò mu. Mi ò mu. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀."

Màmá bẹ̀ ẹ́, ó sunkún, ó pe oríkì rẹ̀. Omi ń ṣàn ní àgbọ̀n ọmọ náà, kò jẹ́ kó wọlé. Màmá bá kọjú sí katikíìsì, ohùn rẹ̀ kò sì dára. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ! Ẹ wá sọ fún un báyìí!"

Katikíìsì kúnlẹ̀. "Mu ún, ọmọ mi. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ara rẹ kò yá."

"Ṣùgbọ́n mi ò ní lè gbà á mọ́," lọmọ náà wí. Ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀kán kan ni."

Àsìkò náà gan-an ni àwọn tó wà lójú títì bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé, "Ó ti dé o! Ọkọ̀ bíṣọ́ọ̀bù ti dé!" Katikíìsì gbójú sókè, ó wo ọ̀nà. Ó tún wo ọmọ tó wà nílẹ̀, tí ojú rẹ̀ tún ti ń yí. Ó gba igbá lọ́wọ́ Màmá, ó gbé e sẹ́nu ara rẹ̀, ó sì mu ún. Kì í ṣe pé ó fi kan ètè lásán. Ó mu ún, gògóńgò rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀, gbogbo wa sì ń wò ó.

Ó nu ẹnu. "Ṣé o rí i? Èmi náà ò ní gbà á lónìí. Ó kù ọ́."

Àbúrò mi wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu.

Díẹ̀díẹ̀ ni katikíìsì ń fún un, ó ń dúró, ó tún ń fún un. Láìgbójú sókè, ó ní, "Gbogbo yín, ẹ lọ mu omi." Ọ̀rẹ́ mi, a ò dúró kó tún un sọ. Bí a ṣe ya bo àmù nìyẹn.

Nítorí náà, kò sí dírìlì nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù sọ̀ kalẹ̀. Eruku pupa sì bò ó láti òkè délẹ̀, gbogbo wàhálà wa dòfo. Katikíìsì lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, aṣọ rẹ̀ tutù, ó fi èdè òyìnbó ròyìn. Bíṣọ́ọ̀bù wá sábẹ́ igi máńgòrò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àbúrò mi lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá katikíìsì sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ gígùn. A dúró de ògbufọ̀.

"Ó ní kí ẹ má kúrò ní ibòji," ni katikíìsì wí.

Màmá ní, "Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn?"

Katikíìsì wúkọ́. "Èyí tó kàn yín nìyẹn, ìyá."

Bóyá ìbáwí ni èyí tó kù, bóyá ìtùnú ni, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bíṣọ́ọ̀bù gbé ọwọ́ lé wa lórí bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbà dìde lọ gba Ara Olúwa, àwa ọmọ pápá jókòó, katikíìsì sì kúnlẹ̀ sí ipò rẹ̀ níwájú, kò dìde. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Omi tó dà sí i lára kò tíì gbẹ.

Àbúrò mi gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Fadá nígbà tí ara rẹ̀ le tán. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí òfin yí padà. Ọjọ́ Ìsinmi kan ni katikíìsì dìde láti kéde pé ìròyìn ti dé láti Róòmù, pé láti ìsinsìnyí lọ omi lásán kò ba ààwẹ̀ jẹ́ mọ́. Ni Màmá bá sọ láti ẹ̀yìn, tí gbogbo ènìyàn sì gbọ́, "Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀!" Ẹ̀rín sọ. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín katikíìsì wa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e lọ sí ibòmíràn, kí bíṣọ́ọ̀bù tó tún wá sọ́dọ̀ wa. Mi ò mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ padà tẹ ohun tó ń tọrọ.

O mọ̀ pé tíṣà eré ìdárayá ni mo padà jẹ́ ní Ọ̀wọ̀, o sì mọ bí àwọn ọ̀gá kan ṣe ń bínú sí mi nítorí àmù tí mo máa ń gbé sétí pápá. Wọ́n ní omi máa ń mú kí ẹsẹ̀ sáré wúwo. Mo ní kó wúwo! Ọmọ tó ń kígbe pé òùngbẹ ń gbẹ òun kì í já mi láyà. Èyí tí òógùn rẹ̀ gbẹ lójijì lábẹ́ oòrùn, tó ní òtútù ń mú òun, tó ń rẹ́rìn-ín láìnídìí, tó sì ní òun ò fẹ́ mu omi, òun ni mo máa ń sá tọ̀. Ibòji ni, omi sára ni, omi sẹ́nu díẹ̀díẹ̀ ni. Èmi kò dúró bi ẹnikẹ́ni kí n tó ṣe é.

Àbúrò mi ti di ìyá àgbà ní Iyere. Nígbà tí mo lọ kí i lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ooru mú, a sì jókòó síta. Mo bi í ohun tó rántí nínú ọjọ́ náà. Ó ní òun ò rántí oòrùn, òun ò rántí pé òun ṣubú, òun ò tilẹ̀ rántí ojú bíṣọ́ọ̀bù.

"Ohun tí mo rántí," ló wí, "ni pé katikíìsì ló kọ́kọ́ mu ún."

Ó bu omi fún mi. Kí n tó gbé e sẹ́nu, mo ronú nípa gbogbo ọdún tí a fi ń sọ pé lọ́jọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù wá, àwa ọmọ pápá kò gba Ara Olúwa. Bóyá Fadá wa ìsinsìnyí yóò bínú sí mi bó bá gbọ́, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà tó láti sọ ọ́ báyìí: mo rò pé a gbà á, lábẹ́ igi máńgòrò, nínú igbá Màmá wa.