Bí A Ṣe Sọ Ọ̀kà Di Ọká

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí lórí pápá ní Ọ̀kà Àkókó. Ẹni tó bá ní orin kì í dá ìjà sílẹ̀, kó wá wo àpá tó wà ní àgbọ̀n mi!

Àwa mẹ́ta la dá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì wa sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́: èmi tí mò ń kọrin, Dáre tó ń ta gìtá, àti Ṣẹ́gun, ọmọ Ọ̀kà, tó ń lu dírọ́ọ̀mù. Ẹ má rò pé ariwo lásán là ń pa o. Gìtá Dáre máa ń ké lóòótọ́, àmọ́ orin wa dùn, ó ṣeé mi orí sí. Rọ́ọ̀kì àti Yorùbá, ta ló rò pé wọ́n lè fẹ́ra wọn?

Wọ́n pè wá síbi ayẹyẹ àwọn ọ̀dọ́ ní Ọ̀kà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa ṣeré níta nìyẹn. Mo kọ orin tuntun láti fi kí ìlú Ṣẹ́gun: "Ọmọ Ọ̀kà, ẹ dìde!" Dáre ní kí n gbé ohùn sókè níbi tí mo ti dárúkọ ìlú, pé bí rọ́ọ̀kì ṣe ń lọ nìyẹn. Ṣẹ́gun ní ibẹ̀ yẹn ń dun òun létí. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ní ó ti ń ṣe bí àgbàlagbà.

Ẹ gbọ́ o. Ọ̀kà tó jẹ́ ìlú, ìsàlẹ̀ ni ohùn rẹ̀ wà. Gbé e sókè báyìí, ó di ọká, ejò olóró! Èmi wá dúró láàárín ìlú onílùú, lọ́sàn-án gangan, mo ń fi máìkì pariwo pé, "Ọmọ ọká, ẹ dìde!"

Wọ́n sì dìde lóòótọ́!

Ìgò àkọ́kọ́ fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọkùnrin kan fò gun pèpéle, ó ní ṣé àwọn ni ará Ìkàrẹ́ ń pè lọ́mọ ejò nínú ìlú baba àwọn. Kí n tó fèsì, ẹ̀ṣẹ́ ti dé. Àgbọ̀n mi bẹ́, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi. Ẹ rò pé mo sá? Mo gbé irin máìkì, mo fi lù ú léjìká, ó ṣubú lu sípíkà. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Lápá kejì, gìtá Dáre ni wọ́n fi ń na Dáre.

Pákó kan ń bọ̀ lórí mi láti ẹ̀yìn. Ṣẹ́gun fò sáàárín, ó na ọwọ́ òsì, ó ń kígbe pé, "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dákun! Ìlú wa ló ń kí!" Wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Mo gbọ́ bí egungun ọwọ́ rẹ̀ ṣe dá.

Ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ ló di pákó náà mú. Nígbà tó rí ẹni tó lù, ó ju pákó náà nù, ó bú sẹ́kún. Ibẹ̀ ni ìjà parí sí.

Mo kúnlẹ̀ fún ìyá Ṣẹ́gun ní ọsibítù, mo ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá gbé mi dìde. "Orin yín dùn, ọmọ mi. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó gbọ́ Yorùbá."

A tún orin náà ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá sọ̀kalẹ̀, gìtá á sọ̀kalẹ̀. Ọwọ́ òsì Ṣẹ́gun kò ká dáadáa mọ́, nítorí náà ìlù wa ń rọra lọ. Àwọn èèyàn ń béèrè níbo la ti rí irú sítáì yìí. Sítáì kẹ̀? Egungun ọwọ́ Ṣẹ́gun ni!

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí onílé bá ní orin yín ń dun òun létí, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wo lẹ ti ṣì pè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí ẹlòmíì? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mò ń kà á.