Ọmọ Kíláàsì Mi Kan Ṣoṣo ní Alájue

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọmọlẹ́yìn mélòó ni mo kọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe olùkọ́ kíláàsì ìrìbọmi, ọ̀kan ni mò ń sọ. Wọ́n á rò pé mò ń rẹ ara mi sílẹ̀ ni. Rárá o, ọ̀kan náà ni.

Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà ní ìlú Ẹdẹ. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba, ìlú sì le koko. Wọ́n ti dá ọkọ mi dúró níbi iṣẹ́, ó ti gba Èkó lọ, ó ní tóun bá ti ríṣẹ́ òun á ránṣẹ́ pè mí. Mo ń gbé yàrá kan, mo ń se oúnjẹ ẹnì kan. Nígbà mìíràn màá kàn sọ̀rọ̀ sókè kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn nínú ilé. Nígbà tí ìjọ wa, ìjọ Onítẹ̀bọmi, wá ní kí n máa lọ sí abúlé Alájue ní gbogbo Sátidé láti kọ́ àwọn onígbàgbọ́ tuntun, kíá ni mo gbà. Ẹ má pè é ní ìtara o. Ẹni tí màá bá sọ̀rọ̀ ni mò ń wá.

Sátidé àkọ́kọ́, èrò kún abẹ́ igi màngòrò bámúbámú. Inú mi dùn, mo gbàdúrà títí ohùn mi fi há. Bí mo ṣe ní "Àmín" báyìí ni bàbá kan bi mí pé, "Tíṣà, ìgbà wo ni mílíìkì ọ̀hún máa dé?" Àṣé ẹnì kan ló lọ parọ́ fún wọn pé ìjọ wa ń pín mílíìkì àti ọṣẹ. Háà! Mo ní èmi gan-an ń wá mílíìkì tí mo fẹ́ mu. Nígbà tó di Sátidé kejì, ìyá àgbà kan ṣoṣo ló wá, Ìyá ni mo sì ń pè é.

Opó ni Ìyá, ó ti dàgbà gan-an, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ìdílé ọlọ́ṣun ni ilé ọkọ rẹ̀, òun ló sì ti ń pọn omi odò wá sí ojúbọ wọn láti ìgbà tó ti wọlé níyàwó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti kú tán. Ó ní òun gbọ́ bí àwa oníjọ ṣe máa ń dárúkọ èèyàn nínú àdúrà, òun náà sì fẹ́ ẹni tí yóò máa dárúkọ òun. Bó ṣe jáwọ́ nínú omi pípọn ni àwọn ará ilé jáwọ́ nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń kí i, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bá a jẹun mọ́.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Tíṣà, wọ́n ní tí mo bá kú, àwọn ò ní sin mí. Ìjọ tìrẹ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin á sin mí?"

Mo lọ bi pásítọ̀ wa. Wọ́n ní ẹni tó bá ti ṣèrìbọmi nìkan ni ìjọ máa ń sin. Mo padà lọ sọ fún Ìyá, ó ní, "Ó dáa, kọ́ mi kíákíá."

Mo kọ́ ọ. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n iyàn jíjà, ẹ má wulẹ̀ bá a dé ibẹ̀. Ọjọ́ tí mo sọ fún un bí àwọn ọmọlẹ́yìn ṣe sùn lọ tí Jésù nìkan ń gbàdúrà, ó pòṣé. "Ṣíọ̀! Ká ní obìnrin ló mú dání ni, ta ló máa sùn?" Tá a bá parí, á yan iṣu fún mi. "Jẹun dáadáa jọ̀ọ́. Ọrùn rẹ ti rí bíi ti adìyẹ tó ń ṣàìsàn." Mo fẹ́ràn Ìyá. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni mò ń jẹ oúnjẹ tó dùn lẹ́nu mi.

Ìjọ ti ń mọ ibi ìrìbọmi sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ sìmẹ́ńtì wọ́n bí ojú, ihò náà wá di ilé ọ̀pọ̀lọ́. Pásítọ̀ ní kí gbogbo wa kọjá sí odò Ọ̀ṣun. Ẹ̀rù bà mí. Mo bi Ìyá bóyá kò burú. Ó ní, "Èmi tí mo ti ń pọn ọ́n, omi náà ni màá wá máa sá fún?"

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi tò nínú aṣọ funfun. Nígbà tó kan Ìyá, ó rìn dé etí odò, ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ gbì. "Oore yèyé o! Ẹ má bínú, mo fẹ́ kọjá." Ló bá dìde, ó na ọwọ́ sí pásítọ̀.

Díákónì kan fà á kúrò lórí ìlà. Pásítọ̀ ní kó padà sí kíláàsì, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ara mi gbóná. Mo ní, "Pásítọ̀, ìkíni ni! Ẹni tó ti bá ilé kan gbé pẹ́ tó ń kó jáde, ṣé kò ní dágbére ni? Nígbà tí sọ́jà dá wa dúró ní Sẹ́kọ̀nà, ṣebí gbogbo yín lẹ sọ̀ kalẹ̀, tẹ́ ẹ káwọ́ sókè, tẹ́ ẹ ń kí wọn kú iṣẹ́ ìlú. Ṣé ẹ̀ ń sìn wọ́n ni?"

Wọ́n ní, "Arábìnrin, ẹ jókòó."

"Níbo? Nínú omi?"

Kò sẹ́ni tó gbè mí. Ìyá ró ìró lé orí aṣọ funfun rẹ̀ tó ṣì gbẹ. Lójú ọ̀nà, ó bi mí pé kí lòun ṣe, mo sì ṣàlàyé fún un.

Ó ní, "Ó ti mọ́ ẹnu mi lára ni. Ṣé Jésù ò ní mọ̀ ni?"

Mo ní Jésù á mọ̀.

"Ta ló wá ń bínú?"



A ń bá kíláàsì wa lọ. Ọyẹ́ dé, ikọ́ sì dá Ìyá dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olórí ilé, fúnra rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ wá bá mi ní ilé ẹ̀kọ́. Ó ní Ìyá ti lọ. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí ìjọ wá sin ín, mo sunkún. Wọ́n ní ó dùn wọ́n, àmọ́ òfin ìjọ ni. Mo bá dá nìkan lọ sí Alájue.

Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ sàréè rẹ̀ sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ̀. Ẹnu yà mí.

Olórí ilé ní, "Inú ló ń bí wa nígbà tá a sọ yẹn. Ṣé a máa gbé ìyàwó ilé wa sọnù ni? Kó tó kú, ó ní ẹ̀yin oníjọ ni kẹ́ ẹ wá gbàdúrà. Àwọn yòókù yín ńkọ́?"

Mo wo ojú ọ̀nà. Mo ní, "Wọ́n ń bọ̀."

Ó ní kí àwọn tó fẹ́ gbé òkú dúró ná. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì jáde fún àwọn ará ìjọ mi, wọ́n gbá ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn obìnrin ilé jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, gbogbo wa ń wo ọ̀nà Ẹdẹ. Oòrùn dé àtàrí. Kò sẹ́ni tó pòṣé, kò sẹ́ni tó tún bi mí ní nǹkan kan.

Nígbà tó yá, olórí ilé rìn wá sọ́dọ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn tó kù má bàa gbọ́.

"Tíṣà, ẹ máa gbàdúrà yín. Àwa á bá yín ṣe àmín."