Kẹ́ríà Kejìlá

Láti ìsàlẹ̀ ni Mùílì ti ń ki píìnì bọ inú kẹ́ríà rẹ̀. Òkè ló yẹ kó ti máa kì í bọ̀ ọ́. Àṣìṣe náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní bí ihò bá kọjú sókè, òjò yóò wọ inú rẹ̀, yóò sì dípẹtà. Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, mo ní òótọ́ ni.

Wẹ́dà ni Mùílì, ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò nílé-ẹ̀kọ́ girama. Àwọn ọlọ́kadà ló ń jó irin fún. Ọlọ́kadà tó fẹ́ kó àpò gàrí lọ́jọ́ ọjà gbọ́dọ̀ ní kẹ́ríà ńlá lẹ́yìn máṣíìnì. Bí ó bá di ọjọ́ kejì tó fẹ́ gbé èrò méjì, kẹ́ríà náà kò ní jẹ́ kí wọ́n ráyè jókòó, bóòtù mẹ́rin ni yóò sì fi sípánà tú. Mùílì wá ṣe kẹ́ríà tó jẹ́ pé píìnì méjì péré ló dè é mọ́ máṣíìnì, tí sípíríǹgì sì di píìnì náà mú. Kí ènìyàn tó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó ti yọ.

"Tíṣà, ẹ wò ó!" Ó fà á yọ lójú mi.

Mo gba ìwé tó ya àwòrán rẹ̀ sí. Ó ti da íǹṣì pọ̀ mọ́ sẹ̀ǹtímítà. Mo fi bírò pupa tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mi ò wo píìnì.

Ó ta méjìlá, ó sì lu nọ́ńbà sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Gàfárù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ra èkíní. Lóṣù kẹjọ, ó gbé Safurat ìyàwó rẹ̀ bọ̀ láti Ọjà Igbó. Ẹ mọ bí èrò ṣe ń ṣe lórí ọ̀kadà: bí wọ́n bá ń gun òkè, ọwọ́ kan a lọ sẹ́yìn, a di kẹ́ríà mú. Ẹrù nìkan ni Mùílì rò nígbà tó ń ṣe é, kò ro ọwọ́. Sípíríǹgì ti dẹ̀, píìnì jábọ́, kẹ́ríà sì bá ọwọ́ Safurat lọ. Ẹ̀yìn ló fi lulẹ̀. Títí di òní, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e.

Mùílì lọ kúnlẹ̀ níwájú Gàfárù.

"Bú mi. Nà mí pàápàá."

"Bí mo bá nà ọ́, ṣé yóò dìde ni? Mélòó ló kù níta?"

"Mọ́kànlá."

"Kí lo wá kúnlẹ̀ síbí fún?"

Mùílì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ó ń lọ láti gáréèjì dé gáréèjì, ó ń yí ihò padà sókè lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọlọ́kadà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Wẹ́dà tó ń bẹ oníbàárà! Ṣé Mẹ́kà lo fẹ́ lọ ni, tó o fi ń tọrọ àforíjì?" Ó rí mẹ́wàá.

Ọ̀kan tó kù, nọ́ńbà kejìlá, wà lọ́wọ́ ọlọ́kadà kan tó ń jẹ́ Mìkáílù. Fóònù rẹ̀ kò wọlé mọ́.

"Ó ti kó lọ sí Ọ̀yọ́," ni ọlọ́kadà kan wí. "Haneefah ọmọ rẹ̀ ló ń gbé lọ sílé-kéwú láràárọ̀. Ọmọ yẹn! Kì í di bàbá rẹ̀ mú láyé. Kẹ́ríà ló ń dì mú, bí àgbàlagbà."

Ọjọ́ náà gan-an ni Mùílì wá bá mi.

"Tíṣà, ẹ bá mi kọ ìwé tí n ó máa lẹ̀ mọ́ ògiri gáréèjì Ọ̀yọ́."

Mo kọ ọ́ pé kí ẹni tó bá ní kẹ́ríà nọ́ńbà kejìlá má ṣe gbé ẹnikẹ́ni sórí máṣíìnì náà.

"Ẹ fi kún un pé èmi ni mo ṣe é, pé àṣìṣe mi ni."

"Wọn yóò lù ọ́, Mùílì."

"Ẹ kọ ọ́, sà."

Mo kọ ọ́.

Oṣù kejì rèé tó ti ń wá a kiri Ọ̀yọ́. Wọ́n rí i kẹ́yìn lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ní gáréèjì ọlọ́kadà kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn máṣíìnì kan, ó ń fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò lára kẹ́ríà rẹ̀, ó ń wá nọ́ńbà.